Ilé Ńlá tí Màmá Sọ pé Ti Àwọn Bàbá Òun Ni

Ní Dagenham níbí, ní ìlà-oòrùn London, kò sí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ọba. Nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun, ìdílé ọba mẹ́fà ni mo lè kà láàárín àwọn tí ń fọ ọ́fíìsì láàárọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá arúgbó ará Ítálì tí mò ń tọ́jú nítòsí Heathway sọ fún mi pé àwọn bàbá òun ló ni ilé ńlá kan lórí òkè, pẹ̀lú ère òkúta àti ọgbà ọsàn wẹ́wẹ́, omi gbígbóná ni mo kàn ń bù sí i lẹ́yìn.

"Ẹ kú oríire, Màmá," ni mo wí. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi dá mi lọ́lá ni, n kò jiyàn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ń yí. Lónìí, ẹṣin mẹ́rin, lọ́la, mẹ́fà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pàápàá kò débẹ̀ rí. Ojú Màmá sì ń fọ́ lọ. Inú ilé yẹn, ó ní, ni wọ́n sin ìyá òun sí nígbà tí òun ti wà ní London; òun fẹ́ débẹ̀ kí ojú òun tó ṣókùnkùn pátápátá. Ọmọ rẹ̀ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ sí Ítálì fún àwa méjèèjì.

"Ẹnu géètì ni wọ́n ti máa lé yín," ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Kí ìwọ àti ọmọ ọba rẹ mú búrẹ́dì dání o!"

Ilé náà wà lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ère ẹnu ọ̀nà kò ní imú. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ àjà tó ń jò, àwọn áńgẹ́lì tí wọ́n yà sára àjà náà sì ti di olójú kan. Aṣọ fèrèsé tó jẹ́ pupa nígbà kan ti di àwọ̀ tíì. Baba tó ń tọ́jú ilé náà mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń wò wá bí ẹni pé a fẹ́ jí ère gbé. Èmi náà ń wo Màmá.

Màmá kò gba iwájú. Ó ní kí n ti àga onítáyà òun gba ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Mo wí lọ́kàn mi pé: ó tán! Ọmọ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni.

Ilé àdúrà kékeré kan wà níbẹ̀. Baba náà ṣí i, ó sì sọ̀rọ̀ líle kan.

"Kí ló wí, Màmá?"

"Ó ní kò sí obìnrin kankan tí wọ́n sin síbí. Ó ní ká ṣe kíá."

Àánú Màmá ṣe mí, àmọ́ baba yẹn ni mo gbà gbọ́.

Mo bọ́ bàtà mi. N kò tilẹ̀ rò ó. Láti kékeré ni a ti kọ́ mi pé a kì í wọ bàtà wọ ilé Olúwa. Baba náà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ tutù, eruku ibẹ̀ nípọn bí èlùbọ́. Bí mo ṣe ń lọ síbi pẹpẹ láti gbàdúrà, atẹ́lẹsẹ̀ mi kan ibi tí wọ́n gbẹ́ nǹkan sí lára òkúta ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo tú gèlè mi, mo fi nù ún. Orúkọ ìdílé tí mò ń rí lára fáìlì oògùn Màmá láràárọ̀ ló wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ tí kò fi ti ọkọ pààrọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ obìnrin kan.

"Màmá, kí lorúkọ ìyá yín?"

Ó dá mi lóhùn. Òun gan-an ni.

Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo fi ìka rẹ̀ tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Baba náà ṣí fìlà.

Ìfura mi kò tíì tán. "Kí ló dé tí a fi gba ẹ̀yìn?"

"Iwájú ni? Ti àlejò ni yẹn."

Ojú tì mí. "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Mo rò pé irọ́ ni."

"Èmi náà ti ń rò bẹ́ẹ̀," ó ní, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára òkúta. "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Dagenham."