Dísìkì Kékeré Ló Yẹ Kó Ṣíwájú

Inú ti ń bí mi kí n tó wọ yàrá kọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin tí ilé ìwé wa ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó pè wá tún sẹ́fà ṣe, tó ń sọ fún Pírínsípà: "Ó ti kú, Mà. Ẹ jẹ́ ká nù ún, ká bẹ̀rẹ̀ ní tuntun."

Nù ún kẹ̀! Sẹ́fà ni kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú nǹkan fún gbogbo àwọn yòókù. Inú rẹ̀ ni èsì gbogbo ọmọ tó ti jáde lọ́dọ̀ wa wà, èmi tíṣà kọ̀ǹpútà ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Lórí bẹ́ǹṣì níta, ọmọbìnrin kan tó ti jáde lọ́dọ̀ wa jókòó pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ìgèdè ni wọ́n ti wá. Ilé ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ti mú un, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú èsì rẹ̀ wá kí wọ́n tó ti ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún láyè rẹ̀. Ìyá náà kàn ń wo ẹnu ọ̀nà wa.

Mo ní kí ọkùnrin náà má fọwọ́ kàn án. Ohùn mi kò dùn rárá, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín, ó dìde fún mi. Pírínsípà wa, ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í bá jiyàn, wá dúró sẹ́yìn mi.

Mo tan sẹ́fà. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ní òun kò rí ohun tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Mo wọ ibi tí wọ́n ti ń tò ó, mo wo aago rẹ̀: ọdún tí wọ́n ṣe é ló ṣì ń kà. Ara mi yá gágá! Èyí tó bá gbàgbé ọjọ́ òní lè gbàgbé nǹkan mìíràn.

Dísìkì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: ńlá mẹ́ta tó ń kó èsì pamọ́, àti kékeré kan tó mọ bí a ṣe ń jí i. Lórí àtòjọ tí sẹ́fà fi ń wá èyí tí yóò jí i, ọ̀kan nínú àwọn ńlá ló wà níwájú, kékeré wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀nà ni sẹ́fà wa ti ń bèèrè ọ̀nà! Mo gbé kékeré síwájú, mo tún un tan. Ó jí! Mo fò sókè, àga mi ṣubú.

"Ẹ pa á, ẹ yọ okùn rẹ̀, ká tún wò ó," ọkùnrin náà wí. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ tún dúdú.

Mo bèèrè ẹni tó ń yọ okùn yìí ní sọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Èmi ni," Pírínsípà dáhùn. "Lójoojúmọ́, kí n tó re ulé. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí iná wá jó o ni?"

Ta ni kì í yọ ọ́ ní Adó? Iná tó bá lọ máa ń fi ìbínú padà dé, ó sì ti jó fíríìjì ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú sẹ́fà tó ń bá a rántí aago àti dísìkì tó yẹ kó ṣíwájú nígbà tí kò bá sí lára iná. Yíyọ ojoojúmọ́ ti jẹ ẹ́ tán.

"Ṣé èmi ni mo pa á?" Ohùn Pírínsípà ti rẹlẹ̀.

"Rárá, Mà. Ebi ló ń pa á."

Ọkùnrin náà ní irú bátìrì yẹn ló máa ń wà nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Pírínsípà ti fi èékánná ṣí kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tó yọ bátìrì lé mi lọ́wọ́. Mo fi í sí i, mo tún aago àti dísìkì tò, mo yọ okùn, mo tún un kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sẹ́fà jí wọ́ọ́rọ́wọ́! Mo tẹ èsì ọmọ náà sórí ìwé, orí ìdúró ni Pírínsípà ti buwọ́ lù ú.

Ọmọbìnrin náà já ìwé gbà, ó sáré bọ́ sórí ọ̀kadà, kò kí ẹnì kankan. Ojú ti ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo kọ́ ọ o!"

"Ẹ dìde, jàre," Pírínsípà ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń kí wa."

Ìyá náà kò lọ. Orí bẹ́ǹṣì ló wà títí fóònù rẹ̀ fi dún lọ́sàn-án. Ó na fóònù sí Pírínsípà, gbogbo wa sì gbọ́ ohùn ọmọ náà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà," ó ní. "Wọ́n ti kọ orúkọ mi."