Ọjọ́ tí màmá mi wá wo kantíkantí ní láàbù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti màmá mi lọ́sẹ̀ tó lọ, mi ò lè gbé e pa mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti rí ọwọ́ òsì mi. Àtàǹpàkò ibẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní oríkèé mẹ́ta bíi ti ìka tó tẹ̀ lé e. Mo fi ń gbálẹ̀, mo fi ń tẹ fóònù, kò dí mi lọ́wọ́ rárá!

Màmá mi ni kò gbà. Nígbà tó lóyún mi ní Makera, àdúgbò tó ń gbé nígbà yẹn, ó jáde lọ́sàn-án gangan lọ́jọ́ kan, ó sì gbàgbé láti fi píìnì há aṣọ rẹ̀ bí àwọn aboyún ṣe máa ń ṣe kí nǹkan burúkú má bàa kan ọmọ inú wọn. Ìgbà tó bí mi tó rí ìka náà, ó ní òun lòun fà á. Lọ́dọọdún, tí ààwẹ̀ bá ku ọ̀la, tí àwa Mùsùlùmí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa, ọwọ́ yẹn ni màmá máa ń dì mú, tí á máa bẹ̀ mí. Ìyá ń bẹ ọmọ! Kí ni kí n ṣe?

Lọ́dún yìí, iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ò jẹ́ kí n ráyè dé ilé wa ní Mando. Ni màmá bá wọ kẹ̀kẹ́ wá bá mi. Bó ṣe rí àwọn ìgò mi, ó pariwo: "Kai, Kúdí! Gbogbo ìwé tó o kà, kantíkantí tó ń bo mángòrò lo wá ń sìn?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo fà á jókòó sídìí maikirosíkóòpù. Mo ṣàlàyé pé ara kantíkantí pín sí abala-abala, àti pé inú jíìnì ni àṣẹ tó ń sọ ohun tí abala kọ̀ọ̀kan máa dà wà. Àwọn purotéènì kan ń dúró sí ààlà, bí ògiri àárín yàrá méjì, kí àṣẹ abala kan má bàa ráyè wọ ti èkejì. Bí ibi tí wọ́n ń dúró sí bá sọnù, ògiri wó nìyẹn! Abala kẹfà ikùn á máa ṣe bí ìkeje. Lára akọ, ìkeje kì í yọ síta, torí náà ìkẹfà náà á pòórá.

Mo fi èyí tó pé hàn án, mo tún fi èyí tí kò ní ìkẹfà hàn án. Ó ka abala ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó wá bi mí pé:

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́? Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ó yé ẹyin bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń yé e ni."

Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Mo sọ òtítọ́ fún un pé ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ jíìnì tèmi wò, mi ò mọ ohun tó ṣe ìka mi gan-an, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé píìnì kọ́.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Ó di ọwọ́ òsì mi mú, mo ti ń retí ẹ̀bẹ̀. Ó na ìka náà, ó wò ó dáadáa, ó ní ó mà rẹwà o. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti délé ayé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ dùn mí díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dáhùn pé mo ti forí jì yín, Màmá, ṣe ni mo ń gbà pé ó ṣẹ̀ mí lóòótọ́. Mi ò ronú kàn án rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìyá yín ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi sí nítorí yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ kí n kà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pè é ná.