Ìka Tí Ọmọ Náà Kò Nà

Òórùn kòkó tí wọ́n ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ìwé yẹn kò tíì kúrò nímú mi, ọ̀rẹ́ mi. Òǹdó ni wọ́n rán mi lọ láti fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò, èmi ọmọ Ìsìkàn nílùú Àkúrẹ́, tí mò ń wọ mọ́tò láti ibẹ̀ láràárọ̀. Ara mi ò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Olùbẹ̀wò wa, bàbá àgbà kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, ti wá wò mí rí, mo sì fèìlì, torí pé àwọn ọmọ ò lanu sọ̀rọ̀. Bí mo bá tún fèìlì, odidi ọdún ni màá tún ṣe.

“This” àti “that”, “these” àti “those”, bí òyìnbó ṣe ń pe ohun tó wà nítòsí àti èyí tó jìnnà, ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Há! Àwọn ọmọ mi ṣe bẹbẹ. Wọ́n ń nàka, wọ́n ń pariwo, “This is a book! Those are windows!” débi pé páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí lórí wa. Ni mo bá ní kí n fi iyọ̀ sí i. Mo ní kí ọmọbìnrin kan nàka sí bàbá olùbẹ̀wò tó tún wá jókòó lẹ́yìn, kó sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ọmọ náà káwọ́ sẹ́yìn.

“Nàka sí wọn, ṣó o gbọ́?”

Kò mira. Yéè! Mò ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì ti rún mọ́ mi lọ́wọ́, bàbá sì ń kọ̀wé lọ ní tiwọn. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó ti parí fún mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí,” ọmọ náà wí, “ìyá mi ní a kì í nàka sí àgbà.”

Bàbá fi bírò sílẹ̀. Eékún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n dìde, wọ́n rọra rìn wá dúró ti ọmọ náà.

“Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣé ó ṣì yẹ kó o nàka?”

Ọmọ náà kúnlẹ̀. “This is our father, sir.”

Mo yege. Lónìí, èmi náà ni mò ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì, láti Ìgbàrà-Òkè dé Ìjù, tí mò ń wo àwọn tíṣà kéékèèké. Bí mo bá ti rí i pé ṣọ́ọ̀kì ń rún mọ́ wọn lọ́wọ́, n kì í dúró kí wọ́n pè mí. Eékún tèmi náà ti ń dùn mí báyìí, ṣùgbọ́n màá dìde, màá rìn lọ síwájú.