Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Alágádágodo

Awakọ̀ ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n Alágádágodo ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó fi irin sí gbogbo fèrèsé, ó fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó wà lókè, èyí tó já sí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, pa, ó wá so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ onílé kò ju kí olè má wọlé lọ. Bí ayálégbé yóò ṣe jáde, ìyẹn kò kàn án.

Aránṣọ tó ń gbé lókè pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó ni kò jẹ́ kó sinmi. Àtẹ̀gùn iwájú nìkan ni wọ́n ń gbà, ilé ìdáná gbogbo ayálégbé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, tòun ti sílíńdà gáàsì. Aránṣọ ní òfin sọ pé onílé gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà àsálà sílẹ̀. Baba onílé fèsì pé òfin kò bá òun ru bùlọ́ọ̀kù nígbà tí òun ń kọ́lé. Ẹ gbọ́ ná, ta ni òfin ti ń bá ru bùlọ́ọ̀kù rí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Baba gòkè lọ kìlọ̀ fún aránṣọ pé kó yé fi òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ láàárín ilé. Ẹnu ìyẹn ló wà tí ilé ìdáná fi gbiná. Èéfín gba àtẹ̀gùn wá bá wọn. Baba yáa fa kọ́kọ́rọ́ yọ lọ́rùn, ó fi sínú àgádágodo ẹ̀yìn, ó yí i títí, kò ṣí. Láti ọjọ́ tó ti tì í, kò ṣí i rí. Ó ti dógùn-ún pátápátá.

"Baba, ẹ yàgò, ẹ bá mi pọn màmá mi," ni aránṣọ wí. Irin ìlọṣọ rẹ̀ ló fi lu àgádágodo náà títí ó fi já.

Baba pọn arúgbó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Ìyá náà fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá bà á gan-an. Nígbà tí wọ́n dé ìta, àwọn ará àdúgbò ti fi yẹ̀pẹ̀ pa iná. Baba bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìyá lè sọ̀, ṣùgbọ́n ìyá di ọrùn rẹ̀ mú.

"N ò sọ̀," ni ìyá wí. "Ṣèlérí fún gbogbo wọn pé o ò ní ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́."

Ojú ti Baba. Ó wo àwọn ayálégbé, kò rí ẹni gbà á sílẹ̀. Ó ṣèlérí náà, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́," ni ìyá wí. "Pariwo ẹ̀."

Baba pariwo ẹ̀. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ìyá tó sọ̀.