Orúkọ Tó Wà Lára Ẹ̀rọ Ata Màmá Mi

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ata rodo tó pò mọ́ èéfín ẹ́ńjìnnì, iwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ketu ni ọkàn mi ń lọ. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí èmi ń pè ní Uncle, ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, adìyẹ inú yìnyín ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Màmá mi ń lọ ata lábẹ́ páànù níwájú. Owó àjọ ọdún méjì ni màmá mi fi ra ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n orúkọ Uncle ni màmá mi fúnra wọn ní kí akunlé fi ọ̀dà funfun kọ sí i lára, gàdàgbà. O mọ bí a ṣe máa ń ṣe: ẹni tó bá fún ọ níbi tí o dúró sí, o ó kọ orúkọ rẹ̀ sára ohun tí o fi ń jẹun, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé o moore.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù dé. Uncle ti jẹbi ẹjọ́ gbèsè, wọn ò sì san án, ni kóòtù bá ní kí wọ́n kó ẹrù wọn lọ lù ní gbàǹjo. Wọ́n gbé firisa méjì, wọ́n wá yíjú sí ẹ̀rọ ata. Màmá mi dì mọ́ ọn.

“Ọ̀gá, tèmi nìyẹn o! Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè!”

“Mummy, orúkọ ta ló wà lára ẹ̀?”

Màmá mi wo Uncle. “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Uncle wolẹ̀, wọn ò la ẹnu. Iye tí ẹ̀rọ náà bá pa ní gbàǹjo ni yóò dín gbèsè wọn kù, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ màmá mi, wọ́n gbé e lọ.

Ní kóòtù, wọ́n ní kí màmá mi wá búra pé àwọn ló ni ín kí ọjọ́ gbàǹjo tó pé, kí wọ́n sì mú ẹ̀rí wá. Àbí o ò rí nǹkan? Ẹni tí kò jẹ gbèsè ni yóò tún pa iṣẹ́ tì, tí yóò máa sáré kiri! A tú ilé títí a fi rí rìsíìtì náà nísàlẹ̀ àpótí, omi ata ti sọ ọ́ di pupa, ṣùgbọ́n orúkọ màmá mi hàn dáadáa. A so ó mọ́ ìwé ìbúra màmá mi, wọ́n sì dá gbàǹjo ẹ̀rọ náà dúró.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ gbé rìsíìtì yẹn sókè, ó bi Uncle pé ta ló ni ẹ̀rọ.

“Àbúrò mi ni.”

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?”

Uncle tún wolẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ padà.

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà padà dé, màmá mi ò tíì lọ ata kankan tí wọ́n fi mú ọ̀bẹ, wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń ha orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn kúrò, omi ń bọ́ lójú wọn. Mo rò pé wọn ó kọ tiwọn síbẹ̀, wọn ò kọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ọkọ mi ló gbé mi lọ, ló sì bá mi ná an. Orúkọ mi nìkan ni mo ní kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a ti ń jà ni. Mo ní rárá o, ẹ ṣeun gan-an, Daddy. Ẹnu ni mo fi ń dúpẹ́ báyìí.