Nọ́ńbà Tí Morónkẹ́ Kò Dè Mọ́lẹ̀

Morónkẹ́ Àjíṣafẹ́ ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ síso kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké pọ̀. Ó máa ń lẹ orúkọ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, títí kan wáyà tẹlifíṣọ̀n ilé rẹ̀. Richard, ọkọ rẹ̀, a máa sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò lẹ orúkọ mọ́ òun náà lọ́rùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, Dókítà Adéwọlé, tó ní ibi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun ní Ìdímù, gbé iṣẹ́ fún un. Dókítà Charity, tó máa ń bá wọn ka àwọn àwòrán náà, ti kó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì fẹ́ kó máa kà á láti ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń rí i, bí àdírẹ́sì ilé. Nọ́ńbà abẹ́lé ni kọ̀ǹpútà àwòrán ń lò, ará ìta kò sì lè rí i. Morónkẹ́ gba nọ́ńbà ìta kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn, ó sì so ó mọ́ nọ́ńbà abẹ́lé náà lórí ẹ̀rọ aṣọ́bodè tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní firewall. Ẹni tó bá kan nọ́ńbà ìta, ẹ̀rọ náà yóò mú un lọ tààrà sídìí kọ̀ǹpútà àwòrán. Ó pàṣẹ fún un pé Dókítà Charity nìkan ni kó gbà wọlé.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó kọṣẹ́, ó sì tún padà ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Dókítà Adéwọlé ní bó bá tún kọṣẹ́, òun yóò gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná lọ, iná dé, Dókítà Charity kò sì rí àwòrán kankan mọ́. Ìgbà tí Morónkẹ́ débẹ̀, Màmá Esther, Ìyá Aládùúrà kan tó wọ sùtánà funfun láìwọ bàtà, ti jókòó tó wákàtí méjì. Ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì wú.

“Ọmọ mi, ṣé egungun mi ló sọnù ni?”

“Ó wà níbẹ̀, mà. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà rí i là ń wá.”

Susanna, tó ń gba àlejò, sún mọ́ ọn. “Àǹtí, ẹ ṣáà sọ pé iná ni. Télọ̀ mi ti ń fi iná tàn mí láti oṣù kẹta.”

Morónkẹ́ ṣí ìwé tí ẹ̀rọ aṣọ́bodè fi ń kọ ẹni tó gba nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà àwòrán ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Morónkẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ kó máa gba nọ́ńbà tí ẹ̀rọ aṣọ́bodè bá pín fún un. Bí iná bá lọ tó bá dé, oníkálùkù a tún gba tirẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé a mú èyí tó wà nílẹ̀. Láti àárọ̀, ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ń mú Dókítà Charity lọ.

Ó wọlé tọ Dókítà Adéwọlé lọ. “Sà, kì í ṣe iná. Èmi ni mi ò de nọ́ńbà náà mọ́lẹ̀.”

“Ṣé lásán ni mo ń bú àwọn oníná láti ọjọ́ yìí?”

“Ẹ máa bú wọn lọ, sà. Kì í ṣáà ṣe tìtorí èyí.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Morónkẹ́ fún kọ̀ǹpútà náà ní nọ́ńbà tí kò ní yí padà, ó yọ nọ́ńbà ọ̀hún kúrò nínú èyí tí ẹ̀rọ ń pín, ó sì tún so nọ́ńbà ìta mọ́ ọn. Dókítà Adéwọlé dìde, ó lọ pa iná gbogbo ilé láti ara ògiri, ó tún un tàn. Láti Ìbàdàn, Dókítà Charity ní òun rí àwòrán. Ó tún un pa, ó tún un tàn. Àwòrán tún jáde. Ó pa á lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù rẹ̀ sì dún.

“Ta ló ń fi iná ṣeré níbẹ̀, jàre? Ibi tí egungun Màmá ti sán ni mo ń wò lọ́wọ́ tí ẹ fi pa á.”

“Ẹ má bínú, Dókítà. Mo fẹ́ kó dá mi lójú ni.” Ó tan iná padà, ó sì ní kí Susanna pe ọkùnrin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò Command, tí òun ti ń bá sọ̀rọ̀ láti gbé iṣẹ́ náà fún, kó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Morónkẹ́ jókòó ti Màmá Esther títí Dókítà Charity fi kà á tán.