Kẹ́ẹ̀gì Sìdíkátù

Kò sí aládùúgbò Sìdíkátù ní Peckham nílùú Òyìnbó tí kò mọ̀ pé kì í da kẹ́ẹ̀gì òróró nù. Tí òróró bá ti tán, á fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ mọ́, á tò ó sí bákónì. Àmírà ọmọ rẹ̀ ti lérí pé òun á kó gbogbo wọn dànù.

"Mummy, ṣé ilé epo lẹ fẹ́ ṣí ni?"

Ní Sátidé, wọ́n fẹ́ wọ́ kárafáànù wọn, ilé onítáyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, lọ sí etí òkun. Pápá tí wọ́n máa sùn sí kò ní omi ẹ̀rọ, táńkì kárafáànù sì gbẹ táútáú. Àmírà na rọ́bà omi láti ilé wọn ní àjà kẹta, kò dé ìdí kárafáànù nílẹ̀ rárá. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

Sìdíkátù ní, "Oníbàárà mi, ilé epo ti ṣí o!"

Wọ́n pọn omi kún àwọn kẹ́ẹ̀gì, wọ́n gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ki àrọ bọ ẹnu táńkì, wọ́n ń dà á títí ó fi kún dẹ́nu.

"Mummy, ẹ má bínú."

"Èmi kọ́ lo bú. Àwọn ni kó o bẹ̀."

Àmírà bá kúnlẹ̀ fún kẹ́ẹ̀gì lójú títì. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́."

Sìdíkátù gbé àyà síwájú, ó dáhùn fún wọn: "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."